Màmá Zipporah Oyèkẹ́ Oyèlárán (1951–2025), Tí Ohùn Wọn Padà Sẹ́nu Iṣẹ́

Ìlú Ìdóànì ni a bí Màmá Zipporah Oyèkẹ́ sí ní ọdún 1951, ní ilé Àdúràgbèmí. Àgbẹ̀ oníkòkó ni bàbá wọn, Boniface. Amọ̀kòkò ni ìyá wọn, Lábísí. Àwa kan nínú ẹbí ti pẹ́ lẹ́yìn odi, síbẹ̀ a ṣì ń gbọ́ orin tí Oyèkẹ́ ń kọ lọ́nà odò, bí ẹni pé àná ni.

Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní Ọ̀wọ̀ ní 1972. Ní 1976, Dominic Oyèlárán, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti ṣáájú wọn lọ sọ́run báyìí, gbé wọn níyàwó nínú ìjọ Áńgílíkà. Wọ́n ṣe tíṣà ní Ọ̀wọ̀ àti Ìfọ́n títí di 2007. Láti 1983 ni wọ́n ti jẹ́ olórí akọrin obìnrin nínú ìjọ náà.

Ní 2015, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún Màmá. Ẹ̀mí wà, ṣùgbọ́n ohùn lọ. Ọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni ń sọ àṣírí ló kù. Ìkórè ìjọ sì ń bọ̀. Oyèníyì, akẹ́kọ̀ọ́ wọn àtijọ́ tó ti di alága ẹgbẹ́ akọrin, wá bẹ̀ wọ́n wò: “Màmá, ẹ ti kọrin tó. Ẹ jókòó, kí ẹlòmíì gbà á.”

Màmá rẹ́rìn-ín. “Èmi tí mo kọ́ ọ lórin? Dúró dìgbà ìkórè.”

Kingsley, àkọ́bí wọn tó ń ṣiṣẹ́ gbígba orin sílẹ̀, mú káséètì orin wọn àtijọ́ jáde, ó ní kí àwọn kàn tẹ̀ ẹ́ nínú ìjọ. Màmá yarí: “Mo wà láàyè, káséètì wá ń kọrin lójú mi?” Kingsley bá gbé fókódà wá, ẹ̀rọ tí í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni, tí í gba ìró lábẹ́ ìka lórí kíbọ́ọ̀dù, tí í sọ méjèèjì di orin kan. Kò bèèrè ohùn líle. Èémí lásán tó o, bí ẹnu bá ti pe ọ̀rọ̀ dáadáa.

Wọ́n gé “ooo” gígùn kan nínú káséètì náà, wọ́n tò ó sórí kíbọ́ọ̀dù, Màmá sì sọ̀rọ̀ sí i. Ó dùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ kò yéni. Kingsley fẹ́ jáwọ́. Ọmọ amọ̀kòkò ní, “Ìkòkò tó ti jiná, ta ló tún un mọ? Ẹnu ti mọ ìró yẹn tẹ́lẹ̀. Fún mi ní amọ̀ tútù.” Ni wọ́n bá fi ìró kíbọ́ọ̀dù tó ń han gooro, tí ẹnu kankan kò tíì mọ, lú u, tí ohùn àtijọ́ wá wà nínú rẹ̀ bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Ìka Màmá ń gòkè, ó ń sọ̀ bí ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe ń lọ. Ó mọ́ kedere!

Lọ́jọ́ ìkórè, Màmá dá orin. Nígbà tó dé ègbè, gbogbo ilé gbà á. Oyèníyì ló kọ́kọ́ dìde: “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un dá!”

Ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n jókòó mọ́. Ní 2024, fúnra wọn ni wọ́n fi ipò olórí akọrin lé Olúfúnmilọ́lá, igbákejì wọn, lọ́wọ́.

Ní oṣù kẹta ọdún 2025 ni wọ́n sùn nínú Olúwa. Àwọn ọmọ wọn, Kingsley, Ìmísí àti Ṣèyíọlá, ló gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje àti odidi ẹgbẹ́ akọrin.

Oyèkẹ́, ọmọ Àdúràgbèmí, kí Olúwa tẹ́ yín sí ibi tó tutù. Ẹ máa dá a lọ́hùn-ún. Àwa ń gbè é níbí.