Orúkọ Tí Gàníyù Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Tẹ̀

Lafiaji, Èkó.
Ọjọ́ Ajé.

Mariyah ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Mo lérò pé ara rẹ le, àti pé òtútù Jọ́ọ̀s kò tíì wọ̀ ọ́ láyà. Jọ̀ọ́, máa wọ aṣọ tó nípọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n lánàá mo sùn dáadáa, òun ló sì mú mi kọ̀wé yìí.

O rántí ètò Git tí o fi sínú kọ̀ǹpútà pálọ̀ ẹbí, tí a fi ń tọ́jú ìwé orúkọ ẹbí tí a fi ń pín yàrá ilé. O ní kí n tẹ orúkọ àti ímeèlì sí i, kí ó lè máa kọ orúkọ ẹni tó bá ṣe àtúnṣe sára àtúnṣe náà. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má bàa ṣì í ṣe, mo bá tẹ orúkọ tèmi fún gbogbo kọ̀ǹpútà náà. N kò rò ó pé ẹlòmíràn lè jókòó sídìí rẹ̀.

Gàníyù, ọmọ àbúrò bàbá mi, ló jókòó. Ó pa orúkọ àwọn ọmọ Rájí, àbúrò mi tó dolóògbé, rẹ́, kí yàrá wọn méjì ní Adéníji Adélé lè bọ́ sí i lọ́wọ́. Hàwáwù, ìyá wọn, pariwo ní ìpàdé. Wọ́n ṣí kọ̀ǹpútà, orúkọ mi ni wọ́n bá. Gàníyù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Bùrọ̀dá Mọ̀núrù, ẹ̀yin náà wá ń jẹ ogún ọmọ òrukàn?" Hàwáwù kò wò mí lójú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe akọ̀wé kóòtù ní Igbosere, ẹnikẹ́ni kò pè mí lólè rí.

N kò bá a jà. Aago kan àbọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ló wà lára àtúnṣe náà. Mọ́sáláṣí ni mo wà nígbà yẹn. Gàníyù nìkan ló kù sílé, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Mo gbé e mì.

Ìwọ lo kọ́ mi lórí fóònù bí mo ṣe yọ orúkọ mi kúrò, tí mo sì pàṣẹ fún ètò náà pé kó má gba àtúnṣe kankan lọ́wọ́ ẹni tí kò bá tíì sọ orúkọ rẹ̀. O rò pé ààbò ni mo ń wá. Pańpẹ́ ni. Mo dá àwọn ọmọ náà padà sínú ìwé, mo sì ń lọ sí Jímọ̀ mi.

Jímọ̀ kẹta ni Gàníyù kó sí i. Ẹ̀rọ bi í pé ta ni. Ó ti gbà pé orúkọ tèmi ni yóò máa hàn títí ayé, ó bá tẹ tirẹ̀ toyètoyè: Àlájì Gàníyù, Bàbá Àdínnì. Ó sì tún pa àwọn ọmọ náà rẹ́.

Ní ìpàdé àná, Hàwáwù ni mo ní kó kà á sókè. Ó ka orúkọ, ó ka oyè, ó ka aago kan àbọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Mo wá bi Gàníyù, "Àlájì, ẹsẹ̀ ńkọ́?" Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ Rájí sì padà sínú ìwé.

Láàárọ̀ yìí ó mú ìyàwó rẹ̀ wá bẹ̀ mí pé kí n pa ìlà tó gbé orúkọ òun rẹ́, nítorí àwọn ará mọ́sáláṣí. Mo ní ohun tó bá ti wọ ibẹ̀ kì í jáde mọ́.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ rẹ ṣe ibi. Kó ṣọ́ ọ lọ, kó ṣọ́ ọ bọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń ro tìrẹ lójoojúmọ́,
Mọ̀núrù.

Mo gbàgbé: o ti sọ fún mi rí pé ọ̀nà wà láti pa irú ìlà bẹ́ẹ̀ rẹ́. Bí Gàníyù bá pè ọ́, o kò mọ̀ ọ́n.