Ilẹ̀kùn Ta Ni Mo Fẹ́ Kàn Láti Dúpẹ́?

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Tíṣà kọ̀ǹpútà ni mí. Lọ́jọ́ kan, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ fi ń ya àwòrán tilẹ̀kùn mọ́ wa: àfi ká tún sanwó. Ni tíṣà ìṣirò wa, Ìyá Jẹ́jẹ́, bá gbé òmíràn wá lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo ní, "Mà, ṣé kì í ṣe olè lẹ fẹ́ kọ́ wa?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn tó ṣe é ló ní ká dà á kọ, ká pín in, ká tún un ṣe bó ṣe wù wá."

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbà á wò! Àwọn ọmọ ti gbé e délé.

Ṣùgbọ́n ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mi ò sì mọ ilé àwọn tó ṣe ètò náà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ká tú ọ̀rọ̀ inú ètò náà sí Yorùbá, ká fi ránṣẹ́ sí wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé ọpẹ́ yẹn á tó?