Nọ́ńbà Tó Wà Lára Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Pupa

Ẹ kú ilé o, Ìyé mi. Ẹ kú àfaradà omi, ẹ sì kú iṣẹ́ ẹja. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú òtútù yìí. Mo kí Bàbá, mo kí ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó wọn, mo kí gbogbo ará Awoye tó bá bá yín jókòó gbọ́ lẹ́tà yìí. Ara mi le. Nǹkan kan ló rú mi lójú, mi ò sì rí ẹni tí mo lè bi níbí.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mekáníìkì tó ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe ni mo ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ọkọ̀ tó ti di pàǹtí o. Ọkọ̀ eré ìje kéékèèké ni, oníjókòó méjì, tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí àwọn tó ni wọ́n ń nù bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Kí ẹnikẹ́ni tó ra irú rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ ń béèrè ni bóyá ẹ́ńjìnnì tó bá a jáde nílé iṣẹ́ ló ṣì wà nínú rẹ̀. Bí kì í bá ṣe òun, iye rẹ̀ já wálẹ̀ nìyẹn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, ẹ̀rín ló pa mí. Nílé wa, bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi bá kú, Bàbá á gbé òmíràn sí i, a ó sì kọrí sí Igbokoda. Ta ló ń bi wá léèrè èyí àkọ́kọ́?

Lóṣù tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gérì, tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, gbé ọkọ̀ pupa kan wá. Ó ní bàbá òun tó ti kú ló ni ín, òun sì ti rí ẹni tó fẹ́ rà á, àmọ́ ẹni náà ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí pé wọn ò pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rí. Ọ̀gá mi ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìdọ̀tí ara ẹ́ńjìnnì náà kúrò. Nọ́ńbà tí mo rí bá ti inú ìwé ọkọ̀ mu gẹ́lẹ́. Inú mi dùn. Àfi ìgbà tí mo wọ abẹ́ ọkọ̀, tí mo rí ọdún tí wọ́n yọ́ irin ẹ́ńjìnnì náà dà, tó yọ síta lára rẹ̀ bí àpá. Ìyé mi, ọkọ̀ ti jáde fún ọdún méjì gbáko kí wọ́n tó da irin ẹ́ńjìnnì yìí! Mo jáde, mo tún wọlé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Orí mi dàrú. Nígbà tí mo tan iná sí nọ́ńbà òkè dáadáa ni mo rí i pé ẹnì kan ti fi fáìlì yún ojú irin náà, ó sì ti fọwọ́ lu nọ́ńbà síbẹ̀.

Mo sọ fún ọ̀gá mi. Ó ní ṣé nọ́ńbà bára mu àbí kò bára mu? Mo ní ó bára mu. Ó ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Ẹ sì mọ̀ pé tìtorí iṣẹ́ tí mo ń ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbà mí láyè láti máa gbé ìlú yìí. Gbogbo ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni òjò fi ń rọ̀. Mo dá jókòó sínú yàrá, mi ò mọ èyí tí ǹ bá ṣe. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo kọ ohun tí ojú mi rí sínú ìwé, mo sì pe Gérì fúnra mi.

Inú bí i. Ó ní ṣé mò ń pe òkú ní òpùrọ́ ni. Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ kò padà wá. Ọ̀gá mi sì mú mi kúrò nídìí ẹ́ńjìnnì fún ọ̀sẹ̀ méjì, táyà ló ní kí n máa fọ̀.

Ìgbà tó yá ni Gérì dé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ìyá àgbà tó ti lé láàádọ́rùn-ún ọdún, tó ń fi ọ̀pá rìn. Mo rò pé ìjà ni wọ́n bá wá. Àṣé nígbà tí Gérì ròyìn fún ìyá rẹ̀, ńṣe ni ìyá àgbà náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Wọ́n ní bàbá àwọn ló fún àwọn ní ọkọ̀ náà nígbà ìgbéyàwó, pé ọkọ àwọn wà á ní ìwàkuwà, ẹ́ńjìnnì sì fọ́. Ẹ̀rù àna ń bà á. Ó wá òmíràn, ó sì lu nọ́ńbà àtijọ́ sí i lára kí àna má bàa mọ̀. Kò mọ̀ pé ìyàwó òun ń wo òun láti ojú fèrèsé. Títí ó fi kú, kò sọ, wọn ò sì bi í.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún wọn. Ìyá àgbà fi ìka tọ nọ́ńbà náà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí n wo bí méje yẹn ṣe wọ́, pé bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ àwọn máa ń kọ ọ́ nínú lẹ́tà tó ń kọ sí àwọn. Ni wọ́n bá bú sẹ́kún. Gérì ní òun ò tà á mọ́ láéláé. Ọ̀gá mi kàn ń wò wá ni. Lọ́jọ́ kejì ó dá mi padà sídìí ẹ́ńjìnnì.

Ìyé mi, títí di ìsinsìnyí, mi ò mọ̀ bóyá mo ṣe rere. Mo tú àṣírí òkú, mo ba ọjà ẹni tó wà láàyè jẹ́, wọ́n sì tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ṣé ẹ rí i bó ṣe rí?

Kí ìyá àgbà náà tó lọ, wọ́n di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú gbogbo gírísì tó wà lára rẹ̀. Wọ́n bi mí pé ìyá mi ńkọ́. Mo ní ẹ wà létí òkun. Wọ́n ní ìgbà wo ni mo rí yín gbẹ̀yìn. Mo ní ó di ọdún mẹ́fà. Wọn ò tètè fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

Mo ti gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi láti wá sílé. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, lóṣù Kejìlá, kí ẹ̀gbọ́n mi wá pàdé mi ní èbúté Igbokoda. Kí òkun má bínú sí yín. Kí ojú yín má fọ́, kí ẹsẹ̀ yín má rọ, títí n ó fi dé ẹnu ọ̀nà yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àgbà àti èwe, kí ẹ má yọ ẹnì kankan sílẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín,
Tèmítáyọ̀