Wáìnì Tí Mo Yàn Fún Ọbẹ̀ Ewúrẹ́

Màmá mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìdí iná, ẹ kú èéfín, ẹ sì kú àárò mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Accra. Mo kí Bàbá, mo kí Bọ̀dá Ràṣídì tó ń ka ìwé ìròyìn fún yín ní ìsọ̀. Mo mọ̀ pé òun náà ló máa ka lẹ́tà yìí sókè, tí àwọn oníbàárà yín á máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun lọ. Ẹ má dá a dúró. Ohun tí mo fi pamọ́ fún yín láti oṣù Kejìlá ló wà nínú rẹ̀, ìfipamọ́ náà sì ti sú mi.

Ara mi le. Ọyẹ́ ibí kò tutù tó ti Ìwó, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ ń wọ inú ìwé, ètè mi sì ń bó. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín, Ìyá Ṣìfáwù, ni mo ṣì wà ní Sabon Zongo, ọṣẹ wọn sì ń tà dáadáa. Àwọn ọmọ wọn gbọ́ Yorùbá tí mo ń sọ, àmọ́ Hausa tàbí Twi ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ní yunifásítì, Alata ni wọ́n ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo àwa Yorùbá níbí. Kì í ṣe èébú, àmọ́ lọ́jọ́ tí àárò ilé bá ń sọ mí, ó máa ń dùn mí bí èébú. Ẹ̀yìn kíláàsì ni mo máa ń jókòó sí. Nígbà mìíràn mo mọ ìdáhùn, mi kì í nawọ́.

Ẹ rántí pé mo sọ fún yín pé mo rí iṣẹ́ ìsinmi ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Osu, pé ọjà Kérésìmesì ni wọ́n ń tà. Màmá, wáìnì ni wọ́n ń tà. Ìgò ló kún ara ògiri láti ilẹ̀ dé òkè.

Obìnrin kan láti ìran Ga, àwọn onílẹ̀ Accra, tí à ń pè ní Àǹtí Dédé ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo sọ fún un pé Mùsùlùmí ni mí, pé mi kì í mutí. Mo ti ń mú báàgì mi láti máa lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Alata tí kò mutí gan-an ni òun ń wá, torí pé ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú mi mu ọtí ọjà òun débi pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbèsè. Iṣẹ́ mi ni pé kí n máa bá àwọn tó ń se oúnjẹ ọdún yan wáìnì tó bá oúnjẹ wọn mu. Ó kọ́ mi, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé: funfun tó kan díẹ̀ fún ẹja, pupa tó ń mú ẹnu gbẹ fún ẹran sísun, èyí tó dùn díẹ̀ tó sì tutù fún oúnjẹ tí ata pọ̀ nínú rẹ̀, torí pé pupa tó le máa ń ru ata sókè. Mi ò tọ́ ọ̀kankan wò. Síbẹ̀ ó tètè yé mi ju ẹ̀kọ́ tí mo wá kọ́ lọ. Ìdí ìkòkò yín ni mo ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin tí ẹ kì í ta ilá fún ẹni tó fẹ́ fi jẹ ìrẹsì, tí ẹ máa ń ní kó lọ jẹ ìjẹkújẹ náà nílé àna rẹ̀.

Ní ọjọ́ méjì sí Kérésìmesì, bàbá kan wọlé, Bàbá Mensah, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn òbí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn ń bọ̀ wá jẹun nílé wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Bàbá náà ní ẹran ewúrẹ́ ni àwọn fẹ́ sè. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n rò pé nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti bá mi wá a. Àǹtí Dédé ti ní kí n máa bi gbogbo ènìyàn pé ṣé sísun ni tàbí ọbẹ̀, báwo sì ni ata rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ta ni èmi tí màá bi àgbàlagbà léèrè bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń se ọbẹ̀? Mo mú pupa tó le jù fún wọn, wọ́n sì dúpẹ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ Kérésìmesì, Bàbá Mensah padà wá. Ọbẹ̀ olómi ni ìyàwó wọn fi ewúrẹ́ náà sè, ata wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé tí àwọn Ga fẹ́ràn sì kún inú rẹ̀. Wáìnì mi sọ ọ́ di iná. Bàbá ọkọ ìyàwó wúkọ́ títí fìlà fi já bọ́ lórí rẹ̀. Ìyá ọkọ béèrè bóyá báyìí ni wọn yóò ṣe máa tọ́jú ọmọ òun. Bàbá Mensah rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, àmọ́ wọ́n ní ọmọ àwọn kò tíì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ náà. Wọ́n ti bẹ àwọn àna náà kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ ọdún tuntun, wọ́n sì fẹ́ kí ọmọ tó ń kúnlẹ̀ yẹn tún un yàn.

Àǹtí Dédé da wáìnì díẹ̀ sínú ife, ó tì í síwájú mi. Kò fipá mú mi. Ó kàn ní ṣé afọ́jú máa ń ta aṣọ ni? Màmá, mi ò ní parọ́ fún yín: mo nawọ́ sí ife náà. Ọwọ́ mi kàn án. Lẹ́yìn náà ni mo yíjú sí Bàbá Mensah, mo ní ẹ dákun sà, ṣé ìyá lè tún ọbẹ̀ náà sè, kí wọ́n fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọbẹ̀ dé nínú fúláàsì. Ọ̀dọ̀ àwọn alápatà Mùsùlùmí ní Zongo ni wọ́n ti ra ẹran náà, nítorí náà ọkàn mi balẹ̀ láti jẹ ẹ́. Èmi ń tọ́ ọbẹ̀ wò, Àǹtí Dédé ń tọ́ wáìnì wò. Mo ní ata náà kì í tètè dé, pé ọ̀nà ọ̀fun ló lúgọ sí, pé tòmátì rẹ̀ kan díẹ̀. Òun náà ń sọ bí ìgò kọ̀ọ̀kan ṣe rí. A yan funfun kan tó dùn díẹ̀, mo sì sọ fún Bàbá Mensah pé kí wọ́n fi í sínú yìnyín láti àárọ̀.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó kúnlẹ̀ fún mi bí mo ṣe kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ẹ̀rín sì ń pa á. Ó ní bàbá ọkọ òun bu ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo jẹ́wọ́ fún Ìyá Ṣìfáwù. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́, pé òórùn ṣọ́ọ̀bù náà ń bá híjáàbù mi wọlé. Wọn ò bú mi, wọn ò sì yìn mí. Wọ́n ní àwọn ò jẹ́ ṣe irú iṣẹ́ náà láéláé, ẹni tí kò mu ún pàápàá lè jẹ̀bi títà rẹ̀, àmọ́ ìyá mi ló yẹ kó gbọ́.

Àǹtí Dédé fẹ́ kí n máa wá ní ọjọ́ Sátidé. Mi ò tíì dá a lóhùn. Mo bọ̀wọ̀ fún Bàbá Mensah débi pé mi ò bi wọ́n léèrè, ó sì kù díẹ̀ kí ìyẹn ba ilé ọmọ wọn jẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ̀rù yín ni kò jẹ́ kí n bi yín kí n tó gba iṣẹ́ náà. Mo wá ń béèrè báyìí, lójú gbogbo oníbàárà yín: ṣé kí n padà síbẹ̀? Ẹ má wo ti owó. Ẹ ní kí Bọ̀dá Ràṣídì kọ èsì yín bí ẹ bá ṣe sọ ọ́ gan-an, kó má fi tirẹ̀ kún un.

Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà, iná yín ò ní kú, ẹ ó jẹ èrè mi. Ẹ bá mi kí ará ilé, ará àdúgbò, àti ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ níbẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín, Muínátù, tí ọwọ́ rẹ̀ kan ife, tí kò gbé e.