Orúkọ Tí Wọn Kì Í Pè Tán

Ilé ìtọ́jú aláìsàn, Ògbómọ̀ṣọ́
Ọjọ́ Ẹtì, oṣù Máàṣì, 1927

Ọládépò ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ ìjọba, mo kí àwọn ará Èkó tó fún ọ láyè láàárín wọn. Olúwa kò ní jẹ́ kí a fi ìròyìn rẹ pa wá lẹ́kún. Ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà bó ṣe wà, àfi pé ibà dá ìyá rẹ wólẹ̀ bó ti ti ọjà Akẹ̀sán dé, ni a bá wọ ọkọ̀ akẹ́rù wá síhìn-ín.

Ọládépò, àwọn òyìnbó bẹ̀rù ju bí a ti rò lọ. Wọ́n so síléètì kan sí òkè ibùsùn aláìsàn kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ ọ̀rọ̀ tán sí i: lẹ́tà méjì níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún. Mo bi Abigail, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wa, ó ní wọ́n gé e kúrú ni torí iṣẹ́ pọ̀. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ọdún tí ilẹ̀ gbóná ní agboolé wa, tí o ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ, ta ló pe àìsàn náà lórúkọ? Olóde la pè é, torí ohun tí a bá pè ní àpètán yóò dáni lóhùn. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbí náà nìyẹn.

Ìyá kan láti Ọjà Igbó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, Abigail dúró níwájú síléètì rẹ̀, ó pe lẹ́tà mẹ́ta sókè, T, D, S. Kí oòrùn tó wọ̀, ibùsùn ti ṣófo. N kò gbọ́ ẹkún, ẹnikẹ́ni kò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́. Síléètì náà ń mì, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Mo ní lẹ́tà mẹ́ta tó pè yẹn ló wá mú un lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, dókítà kọ kínínì, oògùn ibà, sí síléètì ìyá rẹ, ó sì kọ lẹ́tà mẹ́ta yẹn gan-an tẹ̀ lé e, ló bá gba Ọ̀yọ́ lọ. Kí Abigail tó dé, mo ti fi omi tútù nu lẹ́tà mẹ́ta náà kúrò. Mo dá kínínì sí, torí òun ní tirẹ̀ orúkọ tó pé ni. Láti ìgbà náà àwọn nọ́ọ̀sì kò mọ iye ìgbà tí wọn ó fún un, wọ́n sì ní àlòjù rẹ̀ lè pa ènìyàn, ni wọn kò bá fún un rárá. Ibà ń gun ìyá rẹ. Ó ń bá ìyá mi tó ti kú sọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n jókòó, ẹ̀gbẹ́ mi gan-an ló sì ń wò. Mo sún kí àyè lè gbà wọ́n.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Abigail kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní dókítà kò ní dé kó tó di Sátidé, bí mo bá rántí ohun tó kọ kí n jọ̀wọ́ pè é fún òun, torí Ìyá ń lọ. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Bí mo bá pè é, yóò dáhùn. Bí n kò bá pè é, mo pàdánù ìyá rẹ. Mo ṣí fìlà, mo dojú kọ ògiri, mo pè é ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo ní èmi Bámgbóṣé ni mo pè ọ́, ọ̀dọ̀ mi ni kí o wá. Abigail sáré gbé kínínì. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ni lẹ́tà náà ń sọ, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé ara ìyá Ọjà Igbó ló yá tó fi lọ sílé. Mo ní ó dára. Ṣé ó yẹ kí n bá ọmọdé jiyàn?

Ìyá rẹ ti jókòó. Ó mu ẹ̀kọ gbígbóná, ó sì bú mi nítorí ẹ̀wù mi tó dọ̀tí. Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ìyá rẹ ránṣẹ́ kó lè padà sí Ọ̀yọ́, kí o sì fi kúbùsù tó nípọn kan kún un. Èmi ni mo fẹ́ lo kúbùsù. Òtútù ń mú mi nínú oòrùn láti àná, wọ́n sì ti tẹ́ mi sí ibùsùn tó kọjú sí tirẹ̀.

Kí Olúwa gbé ọ ga, kí ó jẹ́ kí o sin wá, kí a má sin ọ́. Láàárọ̀ yìí Abigail kọ lẹ́tà mẹ́ta náà sí síléètì tèmi, ó ní ibà kan náà ni. Omi wà nítòsí, ṣùgbọ́n n kò nù ún, kó má baà padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bámgbóṣé