Processor Tí Iná Ilé Wa Ò Lè Gbé

Bàbá mi ò jẹ iyán kankan. Èmi nìkan ni mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa, èmi náà ni mo sì dákẹ́... Admin, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, Ọ̀wọ̀ ò tóbi tó yẹn, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa pọ̀ lórí page yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi tán ná, mi ò ní bínú, ṣùgbọ́n ẹ ṣáà gbà mí nímọ̀ràn lẹ́yìn náà.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí. Architecture ni mo kà, mo sì jókòó sílé fún ọdún mẹ́rin láìríṣẹ́, ilé àwọn òbí mi ni mo ṣì wà. Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tíṣà ni màámi. Bàbá mi ní ìtọ̀ ṣúgà, màámi ló máa ń gún wọn lábẹ́rẹ́ insulin láràárọ̀ àti lálaalẹ́, inú fíríìjì sì ni àwọn ìgò abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ máa wà. Taransifọ́mà àdúgbò wa ti jó tipẹ́, torí ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà lókè òkun ṣe ra inverter àti sólà sílé. Fíríìjì bàbá mi ló rà á fún, ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ létí gbogbo wa. Inverter náà ò tóbi, fíríìjì, fáànù méjì, gílóòbù, tẹlifíṣọ̀n, ó ti tán nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá Ọlọ́run bá mi ṣe é, client kan ní Èkó ní kí n máa ṣe fídíò ilé tí wọn ò tíì kọ́ fún òun, irú èyí tó máa dà bíi pé èèyàn ń rìn kiri inú yàrá. Iṣẹ́ yẹn ò ṣe é fi kọ̀ǹpútà jákujàku ṣe. Mo ní èmi fúnra mi ni màá to desktop mi, ẹyọ ẹyọ. Gbogbo ẹ̀ ló rọrùn, àfi processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Méjì ni mo ń wò. Ọ̀kan ní kọ́ọ̀ mẹ́jọ, bí ìgbà tí òṣìṣẹ́ mẹ́jọ bá wà nínú ẹ̀, kì í mu iná púpọ̀. Ìkejì ní kọ́ọ̀ mẹ́rìndínlógún, ó sì ń mu iná tó ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́... ẹ gbà mí gbọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń wò wọ́n. Mo fa ilà sí páálí, mo kọ ti ọ̀kan sápá ọ̀tún, mo kọ ti èkejì sápá òsì. Àlùfáà ń wàásù, èmi ń fi kọ́ọ̀ wé kọ́ọ̀. Nínú group àwọn tó ń to kọ̀ǹpútà lórí WhatsApp, bọ̀dá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìdóàní sọ fún mi pé kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí iná máa ti wá kí n tó máa sọ iye kọ́ọ̀. Mo fi í rẹ́rìn-ín. Mo ní ó ń bẹ̀rù nǹkan ńlá.

Bàbá mi pàápàá wo páálí yẹn. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n wò ó lọ, wọ́n wò ó bọ̀, kò yé wọn rárá, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí. Wọ́n ní, Ẹnjiníà, ṣé iná ilé yìí á gbé e? Mo ní á gbé e sà, á tiẹ̀ ṣẹ́ kù. Mi ò ṣírò ẹ̀ o! Gbogbo nǹkan ni mo kà lórí processor yẹn, wáàtì, iye iná tó ń mu, nìkan ni mi ò kà sí, torí ọkàn mi ti lọ sọ́dọ̀ èyí tó tóbi. Ni mo bá rà á.

Ọjọ́ tí mo tàn án, bàbá mi pàtẹ́wọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fi iṣẹ́ gidi sí i lẹ́nu báyìí, fíríìjì náà gbéra, inverter ké pííì, gbogbo nǹkan kú. Mo tún un tàn, ó tún kú. Mo yọ okùn fíríìjì lára ògiri... ó ń lọ geere. Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí mo ti ṣìnà nìyẹn. Bátìrì ò lè gbé e tí kò bá sí oòrùn, torí náà ojúmọmọ nìkan ni mo lè ṣiṣẹ́. Bí màámi bá ti lọ síléèwé láago méje, tí bàbá mi ti gbé àga síta, màá yọ fíríìjì. Tó bá ku díẹ̀ kí màámi dé láago méjì, màá ki okùn ẹ̀ bọ ògiri padà.

Ẹ má rò pé mi ò ro ti oògùn o. Mo rò ó! Ọgbọ́n àgbọ́njù ló sì pa mí. Mo ní ẹnu ilẹ̀kùn fíríìjì tí àwọn ìgò yẹn máa ń wà á gbóná tí kò bá síná, ṣùgbọ́n inú fírísà lókè á ṣì tutù torí áìsì tó kún ibẹ̀. Ni mo bá ń kó wọn sáàárín áìsì láràárọ̀, màá dá wọn padà sẹ́nu ilẹ̀kùn kí màámi tó dé. Nígbà mìíràn wọ́n á ti dì gbagidi, màá há wọn sáàárín àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì títí wọ́n á fi yọ́. Omi tó dì tó tún yọ́, ṣé kì í ṣe omi náà ni? Bí mo ṣe rò ó nìyẹn, fún odidi oṣù mẹ́ta.

Ṣúgà bàbá mi wá ń ga. Ojú wọn ń ṣe bàìbàì, egbò kékeré kan lọ́mọ ìka ẹsẹ̀ wọn kọ̀, kò jinná. Màámi ní iyán ni. Bàbá mi ní ọ̀rẹ́ kan tó ń dáko ní Ìyere, àtikékeré ni wọ́n ti ń bọ̀, gbogbo Sátidé ni bàbá mi máa ń lọ bá wọn ta ayò, ọ̀rẹ́ náà sì máa ń fi iṣu ránṣẹ́ sí wa. Màámi ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ iyán ní kọ̀rọ̀. Bàbá mi gbé Bíbélì, wọ́n búra pé àwọn ò jẹ ẹ́. A fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ ò rí ayé mi?

Ìgbà tí egbò yẹn ń le sí i ni a gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì wẹ ẹsẹ̀ wọn tán, ó kàn ń sọ̀rọ̀ lọ fún màámi ni, ó ní kí wọ́n má gbé insulin sí fírísà o, tó bá ti dì lẹ́ẹ̀kan, ó bàjẹ́ nìyẹn, bó tiẹ̀ yọ́ padà kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Màámi ní rárá o, ẹnu ilẹ̀kùn ni tàwọn máa ń wà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo lọ ra tuntun, mo pààrọ̀ gbogbo ìgò tó wà nílé, mo ju àwọn ti tẹ́lẹ̀ sí ṣáláńgá. Mi ò yọ fíríìjì mọ́ láti ọjọ́ náà, aṣọ ni mo fi bo desktop mi. Mi ò sì sọ fún ẹnì kankan.

Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, àbúrò bàbá mi obìnrin wá láti Ìdóàní, ẹ̀gbọ́n mi wà lórí fóònù. Àǹtí yìí kọjú sí màámi, wọ́n ní obìnrin tó ń gúnyán nílé ló yẹ káwọn bi, kí ló fẹ́ fi ikú ẹ̀gbọ́n àwọn ṣe? Màámi bú sẹ́kún. Mo la ẹnu mi, mo fẹ́ sọ ọ́, I swear mo fẹ́ sọ ọ́... bàbá mi gbọ́wọ́ sókè. Wọ́n ní àwọn jẹ ẹ́. Wọ́n ní Ìyere làwọn ti ń jẹ ẹ́, ní gbogbo Sátidé, kí wọ́n fi ìyàwó àwọn sílẹ̀. Bàbá mi tí kì í purọ́! Mo pa ẹnu mi dé.

Oògùn tuntun yẹn wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ṣúgà wọn ń wálẹ̀. Ẹ ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ nílé wa báyìí? Wọ́n ní ẹ ò rí i, bó ṣe jẹ́wọ́ tó sì jáwọ́ nínú iyán ni ara ẹ̀ ń yá! Màámi ti gbé odó lọ sílé aládùúgbò. Lánàá Sátidé, ọ̀rẹ́ bàbá mi gbé iṣu wá lórí ọ̀kadà, màámi dá wọn padà lẹ́nu géètì. Bàbá mi ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Èmi ni mo sìn wọ́n dé títì. Bàbá àgbà náà ní kí n sọ ohun táwọn ṣe fún wa, pé láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, ẹ̀wà ni ìyàwó àwọn ń sè fún bàbá mi, bàbá mi ò tọ́ iyán wò rí lọ́dọ̀ àwọn.

Mo mọ òwe irọ́ tó lọ fún ogún ọdún, ẹ má wulẹ̀ pa á fún mi. Kì í ṣe iṣẹ́ mi nìkan ni mò ń rò. Òótọ́ ni pé client ti ní tóun ò bá rí fídíò di Friday, òun á gbé e fún ẹlòmíì, mo sì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi á ní kí n ta kọ̀ǹpútà náà. Mo lè yọ processor ńlá yìí kí n fi kékeré rọ́pò ẹ̀, ó máa lọ díẹ̀díẹ̀, a jẹ́ pé mo gbà. Ṣùgbọ́n màámi ńkọ́? Ọwọ́ màámi ni wọ́n fi gún oògùn tó ti bàjẹ́ yẹn, láàárọ̀ lálẹ́, fún oṣù mẹ́ta. Báwo ni màá ṣe sọ ìyẹn fún wọn? Tí mi ò bá sì sọ ọ́, ṣé bí bàbá mi á ṣe máa jẹ́ olè iyán títí wọ́n á fi kú nìyẹn?

Ní ọ̀sán òní, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mi tiro wọ yàrá mi. Wọ́n ká aṣọ orí desktop yẹn sókè, wọ́n fọwọ́ kàn án, ó tutù. Wọ́n ní, Ẹnjiníà, ṣé iná ilé yìí ń gbé e? Mo ní ó ń gbé e, sà. Wọ́n wò mí díẹ̀, wọ́n ní ó dáa, wọ́n rọra da aṣọ náà bò ó padà, wọ́n jáde... Ṣé wọ́n mọ̀ ni? Ṣé torí mi ni wọ́n ṣe gbà pé àwọn jẹ iyán? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọmọ bíi tèmi, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, ṣé màámi tí kò mọ nǹkan kan, àbí bàbá mi tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti mọ̀ látọjọ́ yìí tí wọ́n kàn ń dúró dè mí?