Ìyá Mi, Ọjọ́ Mẹ́ta Ni Mo Fi Dákẹ́

Ìyá mi àtàtà, ẹ̀yin tí ẹ bí Táíwò àti èmi lọ́jọ́ kan náà,

Èmi ni. Ọmọ-ọmọ yín Rísì ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, nítorí ẹ kò rán mi lọ sílé ìwé, n kò sì dá yín lẹ́bi. Ó jókòó sórí àga tí ìyá rẹ̀ máa ń lò. Ọdún karùn-ún rèé tí ìyàwó mi ti kú. N kì í sunkún mọ́, omi ojú mi ti gbẹ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀yin ni mo ń wá kiri inú ilé, bí ẹni pé àná ni ẹ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ Rísì fún yín. Pátákó kékeré kan wà lórí tábìlì wa, kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Kọ̀ǹpútà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ojú. Ibi tó fi ń rántí nǹkan ni wọ́n ń pè ní mẹ́mórì. Ohun tó ń darí ẹ̀rọ náà láti inú, kánẹ̀lì ni Rísì ń pè é, kò lè dá mọ irú mẹ́mórì tí wọ́n fún un. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un: bí ó ṣe tóbi tó, bí ó ṣe yára tó, ìgbà mélòó ni kí wọ́n máa tún ohun tó mọ̀ sọ fún un kó má baà gbàgbé, àti bí ó ṣe yẹ kí wọ́n dúró pẹ́ tó lẹ́yìn tí wọ́n bá pè é, kó tó dáhùn. Kíkọ gbogbo ìyẹn ni iṣẹ́ Rísì. Àwọn ará òkèèrè ló gbé e fún un. Bí ẹ̀rọ náà bá jí tí kò kú padà, wọn yóò gbà á síṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Yóò fi Igbó-Ọrà sílẹ̀. Yóò fi èmi náà sílẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ń jí, ó sì ń kú. Rísì kò jẹun dáadáa mọ́. Lọ́jọ́ kan ó fi mẹ́mórì náà hàn mí: méjì ni, dúdú, wọ́n jọra bíi hóró ẹ̀wà méjì. Ó bá mi ṣàwàdà pé ìbejì ni wọ́n bíi èmi àti Táíwò, pé ta ni yóò fún Táíwò ní nǹkan ní Igbó-Ọrà tí kò ní fún Kẹ́hìndé? Ohun tó kọ fún èkíní náà ló kọ fún èkejì.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí yín. Aṣọ kan náà lẹ máa ń rán fún wa. Bí ẹ bá gé iṣu sísun fún Táíwò, ẹ ó gbé tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń bó ẹ̀gúsí tí ẹ sì pe Táíwò, á ti dáhùn kí ẹ tó pa ẹnu dé. Bí ẹ bá pe èmi, ẹ ó bó bíi mẹ́ta sí i. Ẹ kò ní pariwo, ẹ kò ní tún mi pè. Ìdáhùn mi á sì dé. Àwọn ará agboolé rò pé adití ni mí. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ pé mo ń bọ̀. Táíwò ti wá bá yín tipẹ́. Ta ló tún kù tó lè dúró dè mí bẹ́ẹ̀?

Lọ́jọ́ yẹn náà ni mo fura sí ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ náà. Mo dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dákẹ́. Mo ń jẹ ẹ̀bà tí ọmọ náà ń tẹ̀ fún mi, mo ń wò ó tí ojú rẹ̀ ń pọ́n lórí iṣẹ́, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹ̀rọ má jí.

Rísì, má gbé báírò sílẹ̀. Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, mo sọ fún un pé kó wádìí bóyá èkejì máa ń pẹ́ dáhùn ju èkíní lọ. Ó fi iná fóònù wò wọ́n dáadáa. Àmì ara wọn yàtọ̀. Ibi tí wọ́n ti ṣe wọ́n kì í ṣe ọ̀kan. Ó ṣí ìwé àlàyé tí àwọn tó ṣe wọ́n kọ wò, ó fi ìdúró kún ti èkejì. Ẹ̀rọ jí. Kò tíì kú títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Rísì dì mọ́ mi, ó ń pè mí ní ẹnjiníà. Mo rẹ́rìn-ín, ojú sì ń tì mí.

Lọ́jọ́ tí mo fi yín sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ oko ní Gánà, ẹ sìn mí dé ibi ọkọ̀ ní Erúwà. Ẹ kò di àpò mi mú. Ṣé ẹ kò gbàdúrà nínú yín pé kí ọkọ̀ náà bàjẹ́? Nígbà tí mo padà dé, sàréè yín ni wọ́n fi hàn mí. Ṣé ẹ pè mí, Ìyá mi? Ẹ̀gúsí mélòó lẹ bó?

Àwọn ará òkèèrè náà ti gbà á síṣẹ́, ṣùgbọ́n Rísì ní òun kò lọ síbì kankan mọ́. Ẹkún ló fi ń sọ ọ́. Mo ní kó kọ ọ́ síbí kí ẹ lè ṣe ẹlẹ́rìí mi: ó gbọ́dọ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìrìn àjò rẹ̀, èmi ni n óò sì gbé àpò rẹ̀ dé etí títì. N kò mọ ìwé kà, n kò lè mọ̀ bóyá ohun tí mo sọ ló ń kọ. Bí ẹ bá rí ohun mìíràn níbí, ẹ má gbà á gbọ́. Mo ní kó máa lọ.

Èmi ni,
ọmọ yín tí àárò yín kò jẹ́ kó gbádùn.